Igbá tí Ọṣẹ Ò Gbọdọ̀ Kàn

Sénábù, o ní kí n máa sọ ọ́, kí ìwọ máa kọ ọ́. Mo ti wí fún ẹ pé ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ṣe dàgbà, télọ̀ sì máa ń há píìnì mọ́ eyín látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ló máa ráyè jáde níbẹ̀? Àmọ́ o ní ìyá ẹ ò fẹ́ sọ ìgbà èwe ẹ̀ fún ẹ, pé òun ti gbàgbé. Kò gbàgbé nǹkan kan. Ojú ló ń tì í. Ó dáa, èmi á sọ èyí tí mo fojú ara mi rí, àti èyí tí òun fúnra ẹ̀ sọ fún mi nígbà tó yá. Ọdún kan péré ni mo máa sọ. Mi ò mọ iye tí wọ́n ń ka ọdún náà sí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn sójà ti bọ́ kákí, a ti ń tẹ̀ka dìbò, rédíò tuntun sì ti pọ̀ nígboro débi pé bí o bá ń rìn lọ ní Ashaiman, ní Ghana, orin kan ò ní tíì parí létí ẹ tí o máa fi bá òmíràn pàdé nílé kejì. Ìyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní iléèwé àwọn ọmọdé bọ́ sí ti àwọn ọmọ tó ti ń gòkè. Ràbíátù ni mo sọ ọmọ mi, Rábì ni gbogbo wa ń pè é.

Ilé wa nígbà náà, yàrá ló yí àgbàlá ká, inú àgbàlá la ti ń ṣe ohun gbogbo. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lábẹ́ páànù lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ló ni àárín àgbàlá. Màmá la máa ń pè wọ́n nílé, Ìyá Oníirú ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́jà, torí irú ni wọ́n ń ṣe tà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní dàwàdáwà, tí àwọn ọmọ Ghana náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá di ojú mi báyìí, ariwo ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Bí hóró irú bá ti sùn sórí iná, tó bá jinná tó bẹ́ẹ̀ tí èèpo ẹ̀ fẹ́ máa bọ́, Màmá á dà á sínú odó pẹlẹbẹ pẹ̀lú eérú, Rábì àti ìyá ẹ̀ á ká aṣọ sókè, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ṣàkà, ṣàkà, ṣàkà, kí wọ́n tó fi apẹ̀rẹ̀ ṣàn án. Ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ni Náà Dédé wà, obìnrin ẹ̀yà Gã tó ń yan ẹja. Jamestown ni wọ́n ti ń kó ẹja wá fún un láàárọ̀, èéfín ẹ̀ á bo aṣọ tí mo bá sá sórí okùn. Síbẹ̀ òun ló máa ń na ọrùn lórí ògiri, á ní irú wa fẹ́ fi òórùn pa òun. Màmá á ní kó fi èéfín ẹ̀ bo imú. Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á padà sídìí iná wọn.

Ohun méjì ni Màmá ò jẹ́ kí ọṣẹ kàn: igbá ńlá tí wọ́n ń da irú sí kó lè kan, àti àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi ń bò ó mọ́ra. Omi lásán ni wọ́n fi ń ṣan igbá, wọ́n á dà á dé síbi tí oòrùn wà. Àpò yẹn, wọ́n kàn ń gbọ̀n ọ́n ni. Ó ti dúdú, ó ti gan bí awọ. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn fọ̀ ọ́, Màmá á ní, "Fi sílẹ̀ jàre. Òun ló ń ṣiṣẹ́, èmi kàn ń dáná fún un ni." Àwàdà la máa ń pè é. Ìyá tiwọn ló fún wọn ní àpò tí èyí ti jáde wá, ní Ìnísà, ìlú wa ní Nàìjíríà. Bí ibì kan bá ti gbó lára ẹ̀, wọ́n á mú ìdọ̀họ tuntun wá, wọ́n á ní kí n rán an mọ́ ara ti àtijọ́, àwọn méjèèjì á jọ wà títí tuntun náà á fi dúdú. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn látìgbà tí mo ti mọ abẹ́rẹ́ í dì mú. Bí ọmọbìnrin ilé wa bá sì ń relé ọkọ, kí wọ́n tó di ìkòkò àti àwo fún un, Màmá á gé ègé kan lára àpò yẹn, á ká a sí ìsàlẹ̀ àpótí ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Sìdí àbúrò mi nígbà tó ń lọ sí Dansoman. Nígbà tí ìjọba kan lé àwa àjèjì kúrò ní Ghana láyé ijọ́un, mo ti di géńdé, a ò ráyè kó ẹrù. Bàbá mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sórí, Màmá wé àpò náà mọ́ ikùn, wọ́n ró aṣọ lé e. Igbá fọ́ lójú ọ̀nà, Màmá ò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò ó. Nígbà tí ìlú rọ̀ tí a padà wá, àpò yẹn náà ló bá wa padà.

Mi ò lè sọ fún ẹ bí oúnjẹ ìgbà yẹn ṣe dùn tó, torí ẹnu mi ìsinsìnyí ò mọ adùn mọ́. Láàárọ̀ a máa ń mu kókò, ìyẹn ẹ̀kọ gbígbóná, àkàrà ni Rábì máa ń fi mu tiẹ̀, á fi ìka lá ìsàlẹ̀ ife. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kírun dé, Màmá fúnra wọn ló máa ń se ọbẹ̀ ilá, irú á pọ̀ nínú ẹ̀ ju ẹja lọ, a ó fi bàǹkú, òkèlè àgbàdo kíkan àwọn ará Ghana, jẹ ẹ́. Ìyá ẹ fẹ́ràn ọbẹ̀ yẹn débi pé, bí o bá gbé abọ́ ẹ̀ sá lọ, wàá bá òun náà lára abọ́.

Ọdún yẹn ni obìnrin kan wá ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì. Mádáàmù Ẹ́fúà ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń rán aṣọ, kì í pariwo, ó sì máa ń fetí sílẹ̀ bí ọmọdé bá ń sọ̀rọ̀. Ó lọ yá awò kan wá láti iléèwé ńlá ní Tema, awò tó ní ẹsẹ̀ tí o máa bẹ ojú kan wò, tó ń sọ ohun tójú ò lè rí di ńlá. Èèpo àlùbọ́sà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kọ́kọ́ fi hàn wọ́n. Rábì sáré wálé lọ́jọ́ náà, kò tíì gbé báàgì kalẹ̀ tó fi ní, "Bàbá, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ àlùbọ́sà." Ó ní bí ilé ni, yàrá kéékèèké ló tò léra wọn, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe yàrá kọ̀ọ̀kan, kálukú wọn ló sì ní ohun kan nínú bí olórí ilé tó jókòó. Ó ní Mádáàmù fi igi ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiẹ̀ náà, wọ́n wò ó, yàrá ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni ewé, bẹ́ẹ̀ ni èmi. Màmá bi í léèrè pé ta ló ń mọ búlọ́ọ̀kù ọ̀hún. Ó ní wọ́n ń mọ ara wọn ni, ọ̀kan á pín sí méjì. Màmá ní kó dẹ̀ jẹ́ kí wọ́n wá bá àwọn tún ògiri ilé ìdáná ṣe. Ọjọ́ wọ̀nyẹn, bí mo bá ń gé aṣọ, ọmọ náà á kàn dúró, á máa wo apá ara ẹ̀, inú ẹ̀ á máa dùn. Mo máa ń wò ó lábẹ́lẹ̀.

Mádáàmù wá ní kí olúkúlùkù mú nǹkan kan láti ilé wọn wá, kí àwọn lè wò ó. Àwọn ọmọ kan bu omi gọ́tà, ọ̀kan mú ìyẹ́ adìyẹ. Irú ni Rábì mú lọ. Ó mú èyí tó ń fà tó sì ń dán, ó fi ewé wé e dáadáa. Kò sẹ́ni tó rán an, ó fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ilé bàbá òun ni. Ó ní nígbà tí òun bẹ ojú sí awò, òun kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín ló rí, bí igi ìṣáná, wọ́n pọ̀ ju ohun téèyàn lè kà. Àwọn kan dúró jẹ́ẹ́, àwọn kan ń yí bìrí, àwọn kan ń lọ wọ́n ń bọ̀ bí ẹni ń wá nǹkan kiri. Wọ́n wà láàyè. Ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e bẹ ojú síbẹ̀, ó fò sẹ́yìn, ó ní ìyá àgbà Anago, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ Yorùbá, ń ta kòkòrò fún wa jẹ. Mádáàmù ń sọ fún wọn pé kì í ṣe gbogbo ohun tójú ò rí ló jẹ́ ọ̀tá, ṣùgbọ́n agogo ti lù, ta ló ń gbọ́? Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri kíláàsì wọn, wọ́n ya jáàmù, kòkòrò àrùn, síbẹ̀ pẹ̀lú eyín àti èékánná, wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ ẹ̀ pé ó ń pani. Èyí ni àwọn ọmọ mọ̀. Wọ́n tẹ̀ lé Rábì títí dé ìyànà wa, wọ́n ń fi èdè Twi kọrin fún un pé Ọmọ Oníkòkòrò. Mo gbọ́ orin náà láti ìdí ẹ̀rọ, mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ni wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, kò jẹ ọbẹ̀. Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ẹ̀ wò bóyá ibà ni. Ó ní ara òun ò gbóná. Nígbà tí Màmá ti lọ sọ́jà, tí ìyàwó mi lọ kí ẹni tó bímọ, ìyá ẹ gbé omi kaná. Ó fi ọṣẹ fọ igbá yẹn nínú àti lóde. Ó rẹ àpò ìdọ̀họ sínú omi gbígbóná, ó da búlíìṣì sí i, èyí tí mo fi ń fọ aṣọ funfun oníbàárà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó títí omi fi dúdú bí kọfí. Ó sá wọn sóòrùn, ó gbọ̀n wọ́n, ó dá wọn padà síbi tí wọ́n wà. Èmi ò sí nílé, mo lọ ra òwú. Màmá gbé àpò náà lálẹ́, wọ́n ní ó fúyẹ́ lọ́wọ́ wọn, pé ọyẹ́ ti gbẹ ẹ́. Ọyẹ́ ń fẹ́ lóòótọ́. Òórùn irú sì ti mọ́ imú wọn lára láti kékeré, ojú wọn náà ti ń ṣú, àwọn nìkan ló sì ń fọwọ́ kan àpò náà.

Irú tí wọ́n dà sínú igbá lọ́tẹ̀ yẹn ò kan. Kò fà, kò dán, hóró ẹ̀ le, ó ń rùn bí ẹ̀wà tó ṣá. Màmá ní ọyẹ́ ni, wọ́n fi aṣọ mìíràn lé e. Wọ́n se òmíràn, bákan náà. Wọ́n tún se, wọ́n sì dà á fún ewúrẹ́, ewúrẹ́ gbóòórùn ẹ̀, ó kọjá lọ. Obìnrin Hausa tó ń ra irú lọ́wọ́ wọn fún túwó tó ń tà wá, ó dúró díẹ̀, ó fi ìtìjú kí wọn, ó lọ rà níbòmíràn. Màmá ò pariwo. Wọ́n kàn jókòó sórí àpótí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí wọn ò dá, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Kò sí ariwo ẹsẹ̀ nínú àgbàlá mọ́. Náà Dédé na ọrùn lórí ògiri, kò rí ohun tó máa bú, ó padà. Oúnjẹ tí a bá gbé fún wọn, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní kí ọmọ jẹ ẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín nǹkan. Wọ́n fún ìyàwó mi ní apẹ̀rẹ̀ irú, wọ́n fún Náà Dédé ní àwo pẹrẹsẹ. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí kúrò nídìí ẹ̀rọ.

"Lásísì, irú ti kọ̀ mí," ni wọ́n wí. "Bí irú bá kọ èèyàn nílé wa, ìyẹn ni pé iṣẹ́ ẹ̀ ti tán. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ìyá mi kí wọ́n tó lọ. Wá ọkọ̀ Nàìjíríà fún mi, kí n lọ sùn sí Ìnísà."

Mo ní mo ti gbọ́. Màmá ò kí ń sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ sí gárééjì, mo bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra, mo padà wálé, mo jókòó sídìí aṣọ tí mo ń rán, mo rán apá mọ́ ọrùn. Rábì gbọ́ nígbà tí mò ń sọ fún ìyá ẹ̀. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi, ó di etí aṣọ náà mú bí ẹni pé ó fẹ́ bá mi nà án, ó wá sọ gbogbo ẹ̀ fún mi, láti orí ewé tó fi wé irú dé orí búlíìṣì. Ó ní òun ló fẹ́ pa Màmá. Mo yọ píìnì lẹ́nu. Mo ní kó lọ sọ fún wọn, pé màá tẹ̀ lé e.

Ó kúnlẹ̀ síwájú àpótí wọn. "Màmá, èmi ni mo fọ̀ ọ́."

"O fọ kí ni?"

"Igbá yín àti àpò. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo da búlíìṣì sí i."

Màmá tẹ̀ síwájú lórí àpótí wọn. Wọ́n ní, "Kí ni àwọn méjèèjì ṣe fún ẹ?"

"Mo rí àwọn kan nínú irú wa níléèwé. Wọ́n wà láàyè, wọ́n ń rìn. Wọ́n ní jáàmù ni, pé kòkòrò là ń tà fáwọn èèyàn. Mo ní kí n pa wọ́n."

"O wá pa wọ́n."

"Mo pa wọ́n, Màmá. Ìgbà tí mo pa wọ́n ni irú ò kan mọ́."

Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n yí wọn síwá sẹ́yìn. "Kì í wá ṣe ọwọ́ mi."

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún. "Dìde, ìyá mi. Lọ gbé oúnjẹ wá fún mi, ebi ń pa mí." Má wulẹ̀ rò pé ó tán síbẹ̀ o. Ọjọ́ kejì ni ìbínú tó dé, nígbà tí wọ́n gbé àpò náà sójú oòrùn tí wọ́n wá rí bó ṣe funfun. Wọn ò na ìyá ẹ, wọn ò bú u, wọn kàn ò bá a sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n á sọ fún mi pé kí n sọ fún ọmọ yẹn kó pọn omi, ọmọ yẹn á sì wà níwájú wọn. Wọn ò dárúkọ ọkọ̀ Nàìjíríà mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí n lọ fagi lé e.

Rábì ló rántí ègé tó wà lọ́wọ́ Sìdí. Èmi àti ẹ̀ wọ ọkọ̀ tròtrò lọ sí Dansoman. Àbúrò mi yìí, ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, kò ṣe irú rí látìgbà tó ti wọlé ọkọ. Nígbà tí a sọ ohun tí a bá wá fún un, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi mí ṣẹ̀sín pé ìyáàfin ni mí! Ẹ ti wá pa tiyín, ẹ wá ń tọrọ tèmi." Ó ní lọ́sẹ̀ tí òun wọlé ọkọ, ọkọ òun fi ọjọ́ kan túlé, ó ní eku kú sínú àpótí ìyàwó òun. Òun bá yọ ègé àpò náà, òun fi ọ̀rá wé e, òun tì í bọ òkè àjà ilé ìdáná. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dà á nù. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ohun téèyàn ń dà nù nìyẹn?" Nígbà tó mú un wá, ó ti gbẹ bí ẹja gbígbẹ, bí a bá tẹ̀ ẹ́, á máa rún. Rábì wò ó, ó ní wọ́n ti kú. Ó gbé e mọ́ra nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ashaiman, kò wo ìta.

Ó mú un lọ bá Mádáàmù kó tó fi han Màmá. Mádáàmù ní òun ò lè búra. Ó ní oríṣi àwọn ọ̀pá yẹn kan wà, bí ìyà bá dé, tí kò sómi, tí kò sóúnjẹ, olúkúlùkù á da ẹ̀wù líle bo ara, á sùn, á sì lè sùn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún bí irúgbìn tó wà nínú àká. Ó ní bóyá àwọn wọ̀nyí wà lára wọn, bóyá wọn ò sí. Ìdí ẹ̀rọ mi ni mo lọ jókòó sí. Mo gé ojú ihò sí àárín àpò tó ti funfun yẹn, mo fi ègé Sìdí dí i, ọwọ́ ni mo fi rán an, mi ò fi ẹ̀rọ rán an, kó má bàa rún. Màmá ń wò mí láti orí àpótí wọn. Nígbà tí mo gé òwú, wọ́n dìde, wọ́n ní kí wọ́n gbé ìkòkò kaná.

Wọ́n se hóró náà, Rábì nìkan ló fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dà á sínú igbá, wọ́n fi àpò bò ó. Bí mo bá ń rán aṣọ, ojú mi á máa lọ síbẹ̀. Màmá jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn, ìyá ẹ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú ìwé iléèwé ẹ̀, kò ṣí ojú ewé kankan. Imú àwa ará ilé ti ń dọ́gbọ́n tan wá jẹ, àwa kan ní ó ń rùn, àwa kan ní kò rùn. Ẹni tó là á ni Náà Dédé. Ó na ọrùn láàárọ̀ lórí ògiri, ó fọwọ́ dí imú. "Ìyá," ni ó wí, "òórùn yín ti dé o. Ẹ fẹ́ pa mí." Màmá ṣí àpò. Wọ́n ti ìka bọ ibẹ̀, wọ́n fà á sókè, okùn irú tẹ̀ lé ìka wọn, ó gùn, ó ń dán, kò já. Wọ́n na ìka náà sí Rábì. "Lá a." Ó lá a. Ibẹ̀ ni ìbínú parí sí. Lálẹ́ ọjọ́ náà Màmá ní kí n lọ sọ fún àwọn ará gárééjì pé àwọn ò lọ mọ́.

Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ rí wọn. Mo ní àwọn wo. Wọ́n ní, "Àwọn tí ọmọ yìí rí." Wọ́n wọ bùbá aláràn-án wọn, wọ́n fi ìbòrí funfun lé e, wọ́n gbé irú sínú ewé, àwa mẹ́ta jọ rìn lọ sí iléèwé. Àwọn ọmọ wà ní kíláàsì, ọmọkùnrin tó fò sẹ́yìn níjọ́sí náà wà níbẹ̀. Mádáàmù fa àga fún Màmá, ó fi irú díẹ̀ sábẹ́ awò, ó ní ojú kan ni kí wọ́n fi wò ó. Màmá ò mọ èyí tí wọ́n máa dì, Rábì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó fún wọn. Màmá wò ó, wọ́n wò ó, ó pẹ́ débi tí Mádáàmù fi rò pé wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n tún ìbòrí wọn ṣe bí ẹni tó bá àlejò pàdé lójijì. Wọ́n tún tẹrí padà sójú awò, wọ́n ní:

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Mádáàmù bi Rábì léèrè ohun tí wọ́n sọ. Ó fi Twi sọ fún un pé bí a bá débi tí àwọn èèyàn ti ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń kí wọn nìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ọmọkùnrin yẹn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n wá ń tò lọ sídìí awò lọ́kọ̀ọ̀kan láti wò ó, kálukú ń sọ ẹ kú iṣẹ́ bí ẹnu ẹ̀ ṣe lè sọ ọ́.

Màmá ti lọ tipẹ́, ilé wa ni wọ́n kú sí, lórí ẹní tiwọn. Àpò náà wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi. Iṣẹ́ tí ìyá ẹ ń ṣe ní ọsibítù, o mọ̀ ọ́n, ìdí awò ló ń jókòó sí látàárọ̀, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn èèyàn. Mo bá a lọ síbẹ̀ nígbà kan tí wọ́n fẹ́ yẹ ojú mi wò. Ó wọ aṣọ funfun ẹ̀, ó fa àga, ó bẹ ojú sí awò, mo sì gbọ́ ọ bó ṣe rọra sọ pé ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dá a lóhùn láti ibi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n ní ẹ káàárọ̀, Àǹtí Rábì. Wọ́n rò pé àwọn ló ń kí. Kò sì sọ fún wọn.